Okùn Gìtá ní Ìdí Òkè Mápó

Okùn náà já gbàù, ó sì ya ọkùnrin náà lẹ́rẹ̀kẹ́ kó tó lè yẹ orí. Ohun tí Muslimat kọ́kọ́ rí nìyẹn nígbà tó gbójú sókè lórí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀: ọkùnrin gíga kan tí òjò sé mọ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní ìdí òkè Mápó, tó gbé gìtá pupa lé itan, tí ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín ń ṣàn bọ̀ lójú rẹ̀, tí kò sì nù ún. Gìtá ló ń wò, bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ ṣubú lulẹ̀.

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ pa Muslimat, kí àánú tó dé. Ó mú àjákù ańkárá kan, ó nà án sí i.

“Ẹ nu ojú yín, ẹ̀gbọ́n. Ṣé gìtá ló ń nà yín báyìí?”

“Ó ti nà mí tán, àǹtí. Okùn márùn-ún ti gbà fún mi. Ó ku èyí tó tín-ín-rín jù, mo ń yí i, mo ń yí i, àfi gbàù!”

Ọládèjì ni orúkọ rẹ̀. Tíṣà ni ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan tí kò jìnnà síbẹ̀, ọmọ ìdílé Onítẹ̀bọmi kan ní Ọ̀rányàn. Ẹni tó ń ta gìtá ní ìjọ wọn ti kọjá sí Kánádà, pásítọ̀ sì gbé gìtá lé e lọ́wọ́, ó ní ẹni tó bá lè kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò, kò sí ohun tí òun náà ò ní lè kọ́. Ọládèjì ò fọwọ́ kan gìtá rí. Okùn ara rẹ̀ ti dípẹtà. Ó lọ ra tuntun ní Bẹẹrẹ, òjò ká a mọ́ ọ̀nà, ara rẹ̀ ò sì gbà á kó dé ilé kó tó bẹ̀rẹ̀.

Ó fi fóònù rẹ̀ han Muslimat. Áàpù kan wà níbẹ̀ tó ń gbọ́ ohùn okùn. Tí okùn bá dẹ̀, abẹ́rẹ́ kékeré ojú rẹ̀ á lọ sósì. Tó bá le jù, á lọ sọ́tùn-ún. Tó bá pé, á dúró sáàárín. Muslimat tẹjú mọ́ ọn.

“Tíṣà, sọ́tùn-ún ló ń lọ nígbà tẹ́ ẹ̀ ń yí i, àbí?”

“Bẹ́ẹ̀ ni. Mo rò pé ó ní kí n máa bọ̀ ni.”

Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Ṣóńṣó àwọn okùn yòókù yọ síta lórí gìtá bí irunmú ológbò. Ọládèjì na ọwọ́ sí àlùmọ́gàjí orí tábìlì, ó fẹ́ gé wọn.

“Àlùmọ́gàjí tí mo fi ń gé léèsì? Láéláé! Ẹ jẹ́ kí n lọ yá ẹ̀mú fún yín lọ́dọ̀ oníbátìrì.”

Òjò ò dá, gìtá sì sùn sí ṣọ́ọ̀bù. Ní ọjọ́ kejì, Ọládèjì mú okùn tuntun dé lẹ́yìn ilé-ìwé. Muslimat di okùn náà mú kó má tú, Ọládèjì ń yí i díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí abẹ́rẹ́ dúró sáàárín, wọ́n jọ mí kanlẹ̀. Ayọ̀ wọn ò tíì tán tí ohùn náà tún fi dẹ̀. Wọ́n tún un ṣe, ó tún dẹ̀.

“Okùn burúkú ni wọ́n tà fún mi!” ni Ọládèjì wí.

“Ẹ fara balẹ̀. Ẹ jẹ́ ká wo fídíò tẹ́ ẹ fi ń kọ́ ọ lórí fóònù dé òpin.”

Ẹni inú fídíò ní bí okùn tuntun ṣe ń ṣe nìyẹn: wọ́n á fi ìka fà á wẹ́rẹ́, wọ́n á tún ohùn rẹ̀ ṣe, wọ́n á tún fà á, títí yóò fi nà tán tí yóò sì dúró. Muslimat ń fà, Ọládèjì ń yí, títí wọ́n fi pe ìrun mọ̀ọ́rí nírọ̀lẹ́. Ọwọ́ wọn kan ara wọn lọ́pọ̀ ìgbà. Kò sẹ́ni tó tọrọ àforíjì.

Láti ọjọ́ náà, ẹsẹ̀ Ọládèjì ò kúrò ní ìdí òkè. Ibẹ̀ ló ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ okùn, tí ìka rẹ̀ fi lé ròrò. Muslimat ò fẹ́ ta gìtá, ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn kó máa tún ohùn rẹ̀ ṣe, kò sì pẹ́ tó fi ń gbọ́ ọ láìwo fóònù.

“Kí ni oríkì yín?” ni Ọládèjì bi í lọ́jọ́ kan.

“Àṣàkẹ́. Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?”

“Àṣàkẹ́ mi.”

“Ẹ gbọ́ ọ! Ta ló ní kẹ́ ẹ fi ‘mi’ kún un?”

Láti ìgbà náà ni ‘ẹ’ ti kúrò láàárín wọn, tó di ‘ìwọ’ àti ‘èmi’.

Ìwọ̀sí ti kọ́ Muslimat kó má yára yọ̀. Ó ti kúrò nílé ọkọ. Òun àti Waliyat, ọmọbìnrin rẹ̀ tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ, ló ń gbé ní agbo ilé Alájì Sàláúdéènì, bàbá rẹ̀, ní Ìsàlẹ̀ Òsì. Àwọn ìyàwó ilé ń pè é ní dálémoṣú, wọn ò tilẹ̀ rẹ ohùn sílẹ̀. Nígbà tí Ọládèjì wá sọ pé òun fẹ́ fẹ́ ẹ, ẹkún ló sun.

Nígbà tí Ọládèjì lọ tọrọ rẹ̀, Alájì gbà á tẹ̀ríntẹ̀rín, ó fún un lómi, ó sì ní, “Tíṣà, ìwà rẹ dáa. Ṣùgbọ́n ọmọ mi ò lè fẹ́ onígbàgbọ́. Má bínú sí mi.” Ìyá Ọládèjì ní tirẹ̀ ò tilẹ̀ fẹ́ gbọ́ orúkọ Muslimat. Síbẹ̀, àwọn méjèèjì gbà pé àwọn lè fi sùúrù bẹ àgbà.

Màmúdù, ọkọ àárọ̀ Muslimat, ni wọn ò lè bẹ̀. Ọ̀sán gangan ló dé ṣọ́ọ̀bù, kò jókòó.

“Mo gbọ́ pé o ti rí onígìtá. Fẹ́ ẹ o. Ọjọ́ tí o bá fẹ́ ẹ ni màá mú ọmọ mi lọ bá ìyá mi ní Ṣakí. Ọmọ mi ò ní sùn lábẹ́ òrùlé kèfèrí.”

Nígbà tí Ọládèjì gbọ́, ó ní kí àwọn lọ sí kóòtù. Ó tún ní òun lè gba ẹ̀sìn Ìsìláàmù.

“Nítorí mi?” ni Muslimat wí. “Tó bá yá, wàá bínú sí mi, ìyá rẹ á sì kú sí i. Ọmọ ni mo mú, Ọládèjì. Má jẹ̀ẹ́ kí n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.”

Kò sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ọkùnrin náà gbé gìtá kọ́ èjìká, ó gba ọ̀nà Bẹẹrẹ lọ, kò wẹ̀yìn.

Kí Iléyá tó dé, Màmúdù wá mú Waliyat lọ. Ó ti fẹ́ ìyàwó mìíràn, ìyá rẹ̀ ní Ṣakí sì ń wá ẹni tí yóò máa bá a pọnmi. Muslimat kúnlẹ̀ fún Màmúdù ní gbangba agbo ilé. Ó ní òun ti jáwọ́ nínú ọ̀rọ̀ tíṣà, kó béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́.

“Ta ló ní kó o jáwọ́?” ni Màmúdù wí. “Ọmọ mi ni mo wá mú.”

Alájì jókòó sórí ẹní rẹ̀, ó gbójú kúrò lára wọn. Bàbá ló lọmọ; òun náà ló ti ń fi ẹnu ara rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀ fáwọn ẹlòmíràn láti ìgbà èwe. Waliyat ò sunkún títí mọ́tò fi gbéra. Ìyá rẹ̀ ni kò lè dìde nílẹ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú kan, Muslimat ń gba Ọ̀rányàn kọjá, ó sì gbọ́ gìtá nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Okùn kẹta ti dẹ̀. Ó dúró nínú oòrùn, ó ń retí pé kí Ọládèjì dá dúró kó tún un ṣe. Kò tún un ṣe. Bó ṣe ta á dé òpin orin nìyẹn, bí ẹni tí kò bìkítà mọ́.

Ní ọjọ́ kejì, Muslimat lọ dúró dè é lẹ́nu géètì ilé-ìwé. Ọládèjì ti rù.

“Ẹ káàsán, Màmá Waliyat,” ló wí. ‘Ẹ’ yẹn dun Muslimat ju èébú lọ.

“Okùn kẹta dẹ̀ lánàá.”

“Mo mọ̀.”

“Kí ló dé tí o ò tún un ṣe?”

“Ta ni mo fẹ́ tún un ṣe fún?”

Muslimat wá sọ fún un pé Màmúdù ti mú Waliyat lọ. Ojú Ọládèjì yí padà, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ò rọ̀.

“Ìgbà tí ọmọ lọ tán lẹ rántí mi.”

“Bẹ́ẹ̀ ni,” ni Muslimat wí. “Mi ò ní parọ́ fún ọ. Ká ní ó wà lọ́dọ̀ mi ni, mi ò ní wá.”

Ó yí padà, ó lọ. Ọjọ́ mélòó kan kọjá kí Ọládèjì tó yọ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, lọ́wọ́ òfo.

“Àṣàkẹ́, mi ò lè bá ọmọ du ipò. Ó tọ́ bó o ṣe mú un. Ohun tó dùn mí ni pé ìwọ nìkan lo gbé ẹrù yẹn, o ò jẹ́ kí n bá ọ gbé e.”

Muslimat gbórí lé ẹ̀rọ ìránṣọ, ó sunkún fún ọmọ rẹ̀ àti fún ọkùnrin náà pa pọ̀. Ọládèjì fà bẹ́ǹṣì sún mọ́ ọn, ó sì jókòó tì í títí ó fi dákẹ́.

Wọ́n ṣègbéyàwó ní ọ́fíìsì ìjọba, oníkálukú mú ẹ̀sìn tirẹ̀ dání. Ìyá Ọládèjì ò wá. Alájì Sàláúdéènì wá, ó jókòó sẹ́yìn pátápátá. Nígbà tí akọ̀wé béèrè ẹni tí yóò jẹ́rìí fún ìyàwó, bàbá arúgbó náà dìde, ó wá síwájú, ó sì buwọ́ lùwé. Kò gbàdúrà sókè. Ètè rẹ̀ nìkan ló ń mì.

Bí wọ́n ṣe jáde, Muslimat pe Ṣakí. Ìyá Màmúdù kì í sábà gbé fóònù fọ́mọ, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, ó gbé e fún un.

“Mọ́mì, ariwo kí ló wà lọ́dọ̀ yín?”

“Mo ṣègbéyàwó ni, Waliyat. Èmi àti Tíṣà.”

Ọmọ náà ní, “Ṣé ẹ ò wá ní wá mú mi mọ́ ni?”

Muslimat gbójú wo Ọládèjì. Ọládèjì rọra gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀.

“Waliyat,” ló wí, “a ó máa wá. Bí wọn ò tilẹ̀ ṣílẹ̀kùn fún wa, a ó máa wá.”

Ó di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú, wọ́n sì jọ dúró nínú oòrùn, wọ́n ń gbọ́ bí ọmọ náà ṣe ń mí lórí fóònù, títí tí ẹnìkan fi gba fóònù lọ́wọ́ Waliyat ní Ṣakí.