Òpó Àárín

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ọwọ́ mi yìí ló dì í mú. Kì í ṣe pé ẹnì kan sọ ọ́ fún mi. Ẹni tó bá fẹ́ gbà á gbọ́, kó gbà á gbọ́. Ẹni tí kò bá fẹ́, n ò bá a jà. Èmi àti Oyèyẹmí la jọ wà níbẹ̀. Ẹ lè bi í. Ó ṣeé ṣe kó má dá yín lóhùn, ṣùgbọ́n kò ní sọ pé irọ́ ni.

Suliat lorúkọ mi. Downsview ní Ontario, lókè òkun, ni mò ń gbé, mo sì ń rán kọ́tìnì fún àwọn tó ń kó wọ condo tuntun, àwọn fúláàtì inú ilé gogoro. Ìlọrin ni wọ́n bí mi sí. Bàbá mi ló ń tọ́jú ẹṣin fún ìjòyè kan níbẹ̀. Kí n tó mọ ìwé kà ni mo ti ń bá a pọn omi fún wọn. Nígbà tí àwọn ọmọ mi dàgbà tán, mo ra abo ẹṣin kan. Ó dúdú bí kóró iṣin. Mo sọ ọ́ ní Dúdúyẹmí. Ilé ẹṣin kan lókè Richmond Hill ni wọ́n ti ń bá mi tọ́jú rẹ̀.

Níbẹ̀ ni mo ti pàdé Oyèyẹmí. Nọ́ọ̀sì ni, kò tíì pẹ́ tó ti Ìbàdàn dé. Ó gbọ́ tí mò ń bá ẹṣin mi wí ní Yorùbá, ó bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà la ti jọ ń gun ẹṣin. Akọ ẹṣin pupa kan ló máa ń háyà, ẹṣin jẹ́jẹ́ tí kì í bá ẹnikẹ́ni jà.

Lọ́dún tó kọjá, bí sọ́mà, ìgbà ooru ibí, ṣe ń wọlé, mo ní ká kó àwọn ẹṣin wa lọ sùn síta. Oyèyẹmí ló rí ibẹ̀ lórí fóònù. Àyè kékeré kan ni nínú igbó, lápá àríwá. Kò sí iná. Kò sí omi ẹ̀rọ. Ṣáláńgá kan, ibi ìdáná tí wọ́n fi òkúta yí ká, àti òpó mẹ́ta tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ fún síso ẹṣin. Ó tán.

Àlàmú, ọkọ mi, kò fẹ́ ẹ.

"Ìyá Rayyan," ó ní, "ẹni tó gun ẹṣin, ilẹ̀ ló ń bọ̀."

"Ilẹ̀ náà ni mo fẹ́ lọ sùn sí."

Rayyan, ọmọ wa, pè láti Burlington. "Mum, why don't you just book a hotel?" Mo bi í bóyá hótẹ́ẹ̀lì náà máa gba ẹṣin.

Mo wá pe ọkùnrin tó ń bójú tó ibẹ̀. Òyìnbó àgbàlagbà ni. Ohùn rẹ̀ rọra ń jáde, bí ẹni tí ọmọ ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó bi mí pé ẹṣin mélòó. Mo ní méjì. Ó ní ká gbé omi wá, ká kó koríko gbígbẹ tiwa wá, ká sì gbá ìgbẹ́ ẹṣin kúrò ká tó máa lọ.

"Ẹ má so ẹṣin kankan mọ́ òpó àárín," ó ní.

"Ṣé ó ti jẹrà ni?"

"Rárá. Ó lágbára."

"Kí ló wá ṣe é?"

"Ẹ ṣáà má so ẹṣin mọ́ ọn."

Ó gbé fóònù sílẹ̀.

Mo sọ fún Oyèyẹmí pé ká kọ́kọ́ fi mọ́tò lọ wo ibẹ̀, ká mọ̀ bóyá tirélà tí a fi ń kó ẹṣin á lè yí níbẹ̀. Ọ̀sán gangan la dé. Jálẹ̀ ọ̀nà ni ẹyẹ ń ké. Bí mo ṣe pa mọ́tò, n ò gbọ́ ìkankan mọ́. Ewé kò mì. Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù ni pé kò sí ẹ̀fọn. Ẹni tó bá ti wọ igbó Ontario nínú sọ́mà mọ ohun tí mò ń sọ. Kò sí ẹyọ kan.

Òpó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró lórí ìlà kan. Koríko hù yí òpó ti ọ̀tún ká, ó hù yí ti òsì ká. Ìdí òpó àárín kò ní koríko kankan. Ilẹ̀ ibẹ̀ rọ̀, ó ní ojú pátákò, bíi pé ẹṣin ti dúró síbẹ̀ láti àárọ̀. Kò sí ìgbẹ́. Kò sí okùn.

A wá gbọ́ ọ. Ohùn eyín tó ń lọ koríko. Ó ń jẹ, ó ń sinmi, ó ń jẹ.

"Àǹtí," Oyèyẹmí sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "ẹ gbọ́ yẹn?"

"Mo gbọ́."

"Kí ni?"

"Ẹṣin tó ń jẹko ni."

"Níbo?"

Òpó náà ni àwa méjèèjì ń wò.

Nígbà tí a ń padà bọ̀, ó ní ibòmíràn wà tí wọ́n ti ń gba ẹṣin, ibi tó ní iná àti omi. Mo ní ibi tí a ti ń bọ̀ yìí náà la máa lọ. Ó ní nítorí kí ni. Mo wa mọ́tò lọ jìnnà kí n tó sọ ọ́ fún un. Nígbà ìjọba ológun, àwọn ṣójà wá sílé wa ní Ìkẹjà nítorí ohun tí Àlàmú kọ sínú ìwé ìròyìn. Wọ́n ní ká máa lọ. A lọ, oúnjẹ ṣì ń gbóná lórí tábìlì. Látìgbà náà ni mo ti pinnu pé ẹnikẹ́ni ò ní lé mi kúrò mọ́ níbi tí mo bá ti ní mo máa sùn. Ká má tiẹ̀ wá sọ ti ẹni tí n ò rí ojú rẹ̀.

Oyèyẹmí ní, "Ẹ̀yin nìkan kọ́ lẹ máa lọ."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ la kó ẹṣin débẹ̀. Bó ṣe dákẹ́ lọ́jọ́sí náà ló tún dákẹ́. Mo so Dúdúyẹmí mọ́ òpó ọ̀tún, Oyèyẹmí so ẹṣin pupa mọ́ ti òsì. A fún wọn lómi. A pa tẹ́ńtì. Mo yí sí òpó àárín, mo ní, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ẹṣin méjì la kó wá. A máa sùn níbí, a máa lọ láàárọ̀. N ò bá yín du àyè. Ẹ má bá mi du tèmi."

A lọ kó ìkòkò nínú mọ́tò. Nígbà tí a padà, Dúdúyẹmí wà nídìí òpó àárín.

Wọ́n so ó ni. Kókó kékeré, ó le, ó mọ́. Kì í ṣe kókó tèmi. N ò rí irú rẹ̀ rí, bí mo ṣe dàgbà láàárín ẹṣin tó.

"Ẹ̀yin lẹ so ó síbẹ̀?" Oyèyẹmí bi mí.

"Rárá."

"Èmi náà kọ́."

Mo tú u. Okùn náà lọ́ wọ́ọ́rọ́ níbi kókó, bíi pé ọwọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lára rẹ̀. Mo mú ẹṣin mi padà sí òpó ọ̀tún, mo ta okùn rẹ̀ ní kókó méjì. Mo tẹ̀ ba kí n fẹ́ iná. Nígbà tí mo gbójú sókè, ó ti tún wà ní àárín. Kókó kan náà.

Mo tún tú u. Lọ́tẹ̀ yìí n ò so ó mọ́ nǹkan kan. Mo ní bísímílà, mo wé ìdí okùn mọ́ ọwọ́ mi, mo jókòó.

Oòrùn ń wọ̀. Ẹ̀yìn igi ti ń pupa. Ńṣe ni ohun kan rọra fa okùn náà.

Kì í ṣe bí ẹni tó ń jà. Bí ìgbà tí ìyá ọkọ bá fẹ́ gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ ni. Sùúrù wà níbẹ̀. Mo fà á padà. Ó dúró. Ó tún fà á. Mo gbọ́ tí ẹnì kan fi ahọ́n dún tọ́ tọ́, bí a ṣe máa ń pe ẹṣin, nítòsí gan-an. Dúdúyẹmí na etí méjèèjì síwájú. Kò wo ọ̀dọ̀ mi.

"Àǹtí, ẹ fi sílẹ̀," Oyèyẹmí ní. "Ẹ jọ̀ọ́."

"Ẹṣin mi ni."

Mo dìde. Mo gun orí kùkùté kan, mo gbé ara mi lé ẹ̀yìn Dúdúyẹmí láìsí gàárì, okùn ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo ní, "Bí o bá máa mú un lọ, o máa mú èmi náà lọ."

Ẹṣin mi bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Okùn náà nà síwájú láti ẹnu rẹ̀, ó dúró nínú afẹ́fẹ́ níbi tó yẹ kí ọwọ́ ènìyàn wà, kó tó yí padà wá sọ́wọ́ mi. Mo ń wò ó. Koríko iwájú wa ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ojú ẹsẹ̀ ènìyàn, ọ̀kan, lẹ́yìn náà ọ̀kan.

A wọ àárín igi. Ọ̀nà kan wà níbẹ̀ tí n ò rí tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà a dúró. Òórùn ẹṣin gbà mí nímú, ẹṣin púpọ̀, bí ìgbà tí òjò bá rọ̀ tí wọ́n kó gbogbo wọn sábẹ́ òrùlé kan. Èémí wọn ń gbóná sí mi lẹ́sẹ̀ lọ́tùn-ún àti lósì. N ò rí ìkankan. Igi nìkan ni mo rí.

Okùn dẹ̀. Wọ́n ń retí kí n sọ̀kalẹ̀. N ò mọ bí mo ṣe mọ̀. Mo ṣáà mọ̀ ọ́n, bí ènìyàn ṣe ń mọ̀ pé àyè rẹ̀ wà láàárín àwọn èrò tó sún fún un. Kò tiẹ̀ burú lójú mi. Ìyẹn ló burú jù. Ẹsẹ̀ ọ̀tún mi ti ń gbéra kí n tó mọ̀.

Mo fi ẹsẹ̀ náà di ìhà ẹṣin mi mú.

"N ò ní sọ̀kalẹ̀," mo ní.

Gbogbo èémí náà dúró.

"Ẹ gbọ́ mi? Orí ẹṣin mi ni mo wà. N ò ní sọ̀kalẹ̀."

A wà bẹ́ẹ̀. Ojú ọ̀run ṣú díẹ̀díẹ̀ títí n kò fi rí okùn mọ́, ọwọ́ mi nìkan ló mọ̀ pé ó wà. Lẹ́yìn náà ó fà wá. Ó yí wa padà, jẹ́jẹ́, títí mo fi rí iná wa láàárín igi.

Oyèyẹmí dúró síwájú tẹ́ńtì. Omijé ń ṣàn lójú rẹ̀, kò sì pariwo. Ẹ̀gbẹ́ orí Dúdúyẹmí ló ń wò, níbi tí kò sí ènìyàn. Bí a ṣe dé ìdí òpó ọ̀tún, apá okùn tó dúró nínú afẹ́fẹ́ já bọ́ sílẹ̀.

"Kí lo rí?" mo bi í.

Ó mi orí. Títí di òní kò tíì sọ ọ́ fún mi.

Ó fẹ́ ká máa lọ lójú ẹsẹ̀. Mo ní a máa sùn, a sì sùn. Òun sùn nínú mọ́tò, èmi sùn sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹyẹ ń ké, ẹ̀fọn sì ti jẹ mí lójú dáadáa. Inú mi dùn sí wọn.

Mo pe ọkùnrin náà láti sọ fún un pé a ti gbá ibẹ̀ mọ́. Kò bi mí nípa ìyẹn.

"Ó dá yín padà?" ó ní.

"Ta ni?"

Ó mí kanlẹ̀. "Àwọn mìíràn máa ń sọ̀kalẹ̀," ó ní. Ó tún gbé fóònù sílẹ̀.

Oyèyẹmí kì í gun ẹṣin mọ́. A ṣì jọ ń jẹun, a ṣì jọ ń rẹ́rìn-ín. Àlàmú ní kí n ta Dúdúyẹmí. Mo ní n ò tà á. Mo ti gba àyè nínú igbó náà fún sọ́mà yìí, èmi nìkan.

Nǹkan kan ṣáà ti yàtọ̀ lára ẹṣin mi. Bí mo bá ń fà á lọ sí pápá, kì í fara mọ́ mi bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó máa ń fi àyè sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kejì orí rẹ̀, àyè tó gba ènìyàn kan. Tí a bá dé ẹnu géètì tó há, ó máa ń dúró díẹ̀ kí ó tó bá mi kọjá. Okùn náà sì máa ń fúyẹ́ lọ́wọ́ mi, bíi pé èmi àti ẹnì kan la jọ gbé e.

N ò béèrè ẹni tó jẹ́ mọ́. Kí ó máa di ẹ̀gbẹ́ okùn tirẹ̀ mú. Èmi náà ò ní fi tèmi sílẹ̀.