Ijó Ọ̀wọ̀n Iyọ̀

"Dúró dáadáa, kí abẹ́rẹ́ má gún ẹ," ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ, bó ṣe ń fi abẹ́rẹ́ mú aṣọ ijó funfun kan mọ́ ọn ní ìbàdí.

Àbúrò dúró gbagidi. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni; ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán, fi ọdún méjì jù ú lọ. Inú ẹgbẹ́ oníjó kan náà ni wọ́n wà. Ẹgbẹ́ náà fẹ́ fi orin àti ijó nìkan ṣe ìtàn obìnrin inú Ìwé Mímọ́ tó bojú wẹ̀yìn wo ìlú rẹ̀ tó ń jóná, tó sì di ọ̀wọ̀n iyọ̀.

Gbogbo wọn ló mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n ni ipò obìnrin náà tọ́ sí. Àmọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ yan ẹni tí yóò ṣe é, olùkọ́ ijó pe àbúrò lórí fóònù.

"A ò ní ṣe é ní aago mẹ́rin mọ́, aago méjì ni. Fóònù ẹ̀gbọ́n ẹ ò lọ. Bá mi sọ fún un."

"Màá sọ fún wọn, mà."

Kò sọ. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n fi máa dé, wọ́n ti fún àbúrò ní ipò náà.

"Àǹtí mi," àbúrò sọ wàyí, bí ẹ̀gbọ́n ṣe ń wọn aṣọ náà mọ́ ọn lára, "wọ́n ní kí n sọ fún yín pé aago méjì ni. Mo mọ̀ọ́mọ̀ dákẹ́ ni."

Ẹ̀gbọ́n kò gbójú sókè. "Mo mọ̀. Olùkọ́ bi mí bóyá o jíṣẹ́. Mo ní o jẹ́ ẹ, èmi ni mo gbàgbé. Ọjọ́ mọ́kànlá rèé tí mo ti ń retí pé wàá sọ."

"Ẹ tiẹ̀ bú mi, ẹ jọ̀ọ́."

"Ó ti rẹ̀ mí. Yí padà."

Lọ́sàn-án Sátidé, gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́. Akọrin gbé orin sókè, àbúrò bojú wẹ̀yìn, ó dúró ṣanṣan. Àwọn èèyàn dìde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Ó ń gbọ́ ọ bí ìgbà tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún ẹlòmíràn nílé kejì. Kò dùn mọ́ ọn, kò sì dùn ún.

Ó lọ bá olùkọ́ lẹ́yìn ìtàgé, ó sì jẹ́wọ́.

"Bọ́ aṣọ náà," ni olùkọ́ sọ. "O ò ní bá wa jó mọ́ lọ́dún yìí."

Nítorí pé wọ́n ṣì máa tún ṣe ijó náà, wọ́n fi ipò náà lọ ẹ̀gbọ́n. "Kò wù mí mọ́, mà," ló fi dá wọn lóhùn. Ọmọbìnrin mìíràn ló gbà á.

Ẹ̀gbọ́n kò bá àbúrò rẹ̀ jà. Wọ́n jọ ń jẹun, ó ń dáhùn bó bá kí i. Ṣùgbọ́n tẹ́lẹ̀, bí ohun tó pani lẹ́rìn-ín bá ṣẹlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù tí ẹ̀gbọ́n ti ń kọ́ṣẹ́, kì í bọ́ bàtà kó tó sọ ọ́ fún àbúrò. Ní báyìí, bó bá wọlé, yóò bọ́ bàtà, yóò dùbúlẹ̀.

Báyìí ni ọmọ náà ṣe mọ̀ pé ẹni tó dákẹ́ náà lè purọ́. Ipò tó fi ìdákẹ́ gbà, ó ti dá a padà. Ìfọkàntán ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni kò mọ ibi tí yóò ti rí i.