Ojú-Ìwé Ẹrù Ìdána

Ọjọ́ tí Ògúndèjì kọ́kọ́ wọ ìsọ̀ wa ní Ṣakí, oògùn koríko ló wá rà, ó sì fẹ́ mọ iye omi tí wọ́n ń pò mọ́ ọn. Ọ̀gá mi ò sí níbẹ̀. Mo fa fóònù mi yọ.

"Ẹ ní sùúrù, ó wà nínú ìwé mi."

Ó wo ọwọ́ mi ọ̀tún, ó wo òsì. "Ìwé dà? Fóònù ni mo rí."

Kí ó tó panu dé, mo ti rí i. Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ìwà mi: kò sí ohun tó kọjá lójú fóònù mi tí n kì í ya àwòrán rẹ̀. Iye tí wọ́n ń ta irúgbìn ni o, àdúrà ni o, bí wọ́n ṣe ń se ọbẹ̀ ni o, màá yà á, màá sì kó o sínú áàpù ìkọ̀wé kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan lábẹ́ àkọlé tirẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ mi máa ń ní lọ́jọ́ ìdájọ́, áńgẹ́lì ò ní níṣẹ́ ṣe lọ́rọ̀ tèmi, nítorí gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ mi á ti wà létòlétò. Èmi a rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ẹni tó bá létò kì í ṣàṣìṣe.

Dèjì padà wá lọ́sẹ̀ kejì, kò ra nǹkan kan. Lọ́sẹ̀ kẹta, ó gbé iṣu mẹ́ta wá fún mi láti Ogbooro.

"Ṣé ẹ lè fi èmi náà sínú ìwé yẹn?"

"Abẹ́ àkọlé wo?"

"Ẹ ṣáà máa wá a."

Kí oṣù mẹ́ta tó pé, àkọlé ti wà. Mo pè é ní Olówó Orí Mi. Gbogbo ọ̀rọ̀ dídùn tó bá kọ sí mi ni mo ń kó síbẹ̀. "Kẹ́mi mi, mo kọ igba ebè lónìí, ẹ̀rín rẹ ni mo fi ń sinmi." Mo ka èyí títí mo fi mọ̀ ọ́n sórí.

Ìdílé ọdẹ ni wọ́n. Bàbá rẹ̀, Bàbá Ọdẹmúyìwá, ni olórí àwọn ọdẹ lágbègbè wọn. Ìyá mi kọ́kọ́ ń kùn, ó ní ṣé mo lè máa yan ẹran ìgbẹ́, ṣùgbọ́n nígbà tí Bàbá fúnra rẹ̀ wá kí wa, ara rẹ̀ balẹ̀. Wọ́n dá ọjọ́ ìdána.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Dèjì kọ̀wé sí mi lórí Wasáàpù: "Ìfẹ́ mi, ọ̀rọ̀ kan ń wúwo lọ́kàn mi. Ojú Bàbá ti ń lọ. Ti ọ̀tún ò ríran mọ́, ti òsì ń tẹ̀ lé e. Èmi nìkan ló mọ̀. Bí àwọn ọdẹ bá gbọ́, wọ́n á gba ìbọn lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì ní lè fara dà á. Jọ̀ọ́, má sọ fún ẹnikẹ́ni."

Omi bọ́ lójú mi. Mo sì yà á. N kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì, ó ti mọ́ mi lára.

Ọjọ́ kẹrin, àwọn ọdẹ pe Bàbá jókòó, wọ́n sì gba ìbọn náà. Ó bi wọ́n pé ta ló sọ. Gbọ́láhàn, ọkọ ẹ̀gbọ́n Dèjì, tí òun náà jẹ́ ọdẹ, dáhùn pé, "Ọmọ yín ni." Lọ́jọ́ kejì, Gbọ́láhàn sọdá ẹnubodè lọ ra àgbàdo, fóònù rẹ̀ ò sì lọ mọ́.

Dèjì wá bá mi ní ìsọ̀. Ojú rẹ̀ ti pọ́n.

"Kẹ́mi, ìwọ nìkan ni mo sọ fún."

"N kò sọ fún ẹnikẹ́ni, Ọlọ́run ń gbọ́."

Òtítọ́ ni mo rò pé mo ń sọ. Ó gbà mí gbọ́ lójú ẹsẹ̀. "Mo mọ̀. Mo kàn ní kí n bi ọ́ ni. Jọ̀ọ́, má bínú sí mi."

Nígbà tó lọ tán, mo ṣí ìwé mi. Mo wo abẹ́ Olówó Orí Mi, àwòrán ọ̀rọ̀ ojú Bàbá ò sí níbẹ̀. Áàpù yẹn, ojú-ìwé tí èèyàn bá ṣí gbẹ̀yìn ló ń gbé àwòrán tuntun sí, ojú-ìwé ẹrù ìdána ni mo sì ṣí gbẹ̀yìn lọ́jọ́ náà. Ibẹ̀ ni mo kó àwòrán irú iṣu, oyin àti aṣọ tí ẹbí mi fẹ́ sí. Gbọ́láhàn ló ń bá wọn ṣètò ẹrù, mo sì ti fi líǹkì ojú-ìwé náà ránṣẹ́ sí i. Àṣírí Bàbá wà láàárín iṣu àti oyin. Gbọ́láhàn á ti rí orúkọ Dèjì lórí ọ̀rọ̀ náà, ìdí nìyẹn tó fi sọ pé ọmọ Bàbá ló sọ ọ́. Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn. Èyí tí a kọ sílẹ̀ náà ń fọ́.

Mo pa á rẹ́. N kò pa ohunkóhun rẹ́ rí nínú ìwé yẹn.

Ọjọ́ mẹ́tàdínlógún ni Dèjì fi ń dọ̀bálẹ̀ bẹ bàbá rẹ̀. Ojoojúmọ́ ló ń ròyìn fún mi. "Mo ní n kò sọ ọ́ nígboro, ó ní ta ló wá sọ ọ́. Ó kọjú sí ògiri." Èmi a sì máa tù ú nínú. "Á rọlẹ̀, olówó orí mi. Ṣe sùúrù." Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń sọ èyí. Ẹ̀rù sì ń bà mí pé bí mo bá sọ ọ́, màá pàdánù rẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹtàdínlógún, Bàbá ránṣẹ́ sílé wa pé kí a má retí òun níbi ìdána, pé òun ò ní ọmọ tí òun ń gbéyàwó fún. Mo bọ́ sórí ọ̀kadà, mo gba Ogbooro lọ.

Bàbá wà lábẹ́ igi máńgòrò. Dèjì ń gé iṣu èbù lọ́ọ̀ọ́kán, kò sẹ́ni tó bá ẹnì kejì sọ̀rọ̀. Mo kúnlẹ̀.

"Bàbá, Dèjì ò sọ ọ̀rọ̀ yín fún àwọn ọdẹ. Èmi ló fọkàn tán, tó sọ ọ́ fún. Ọwọ́ mi ló ti bọ́." Mo sọ gbogbo rẹ̀, títí kan èyí tí mo pa rẹ́.

Bàbá ní, "Lóṣù tó kọjá, mo na ìbọn sí ohun kan nínú koríko. Mo rò pé ìgalà ni. Ló bá wúkọ́. Àpọ́nlé ni, ìyàwó aládùúgbò wa, ó ń ṣẹ́gi. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni títí di òní. Ó yẹ kí wọ́n gba ìbọn yẹn. Dìde, ọmọ mi." Ó wá yíjú. "Dèjì, sún mọ́ mi. Mo ṣẹ̀ ọ́."

Dèjì dọ̀bálẹ̀. Ọwọ́ Bàbá ń wá orí rẹ̀ kiri títí ó fi kàn án. Mo sunkún, mo rò pé ó ti parí.

Dèjì sìn mí dé títì.

"Ọjọ́ wo lo pa á rẹ́?"

"Ọjọ́ tí o wá bi mí."

"Ọjọ́ tí mo ní kí o má bínú sí mi."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ó mí kanlẹ̀. "Pé ó bọ́ síbẹ̀, àṣìṣe ni. Ká ní o sọ fún mi lọ́jọ́ náà ni, àwa méjèèjì la ò bá jọ lọ bẹ Bàbá. O jẹ́ kí èmi nìkan máa bẹ̀ ẹ́, o sì ń ní kí n ṣe sùúrù."

"Jọ̀ọ́, olówó orí mi."

"Má pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́, Kẹ́mi."

Ó dá ọ̀kadà dúró. Ó sọ fún ọlọ́kadà pé kó rọra, nítorí ọ̀nà ò dára, ẹ̀rù sì máa ń bà mí bí eré bá pọ̀. Ó padà sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀.

Ẹbí wa méjèèjì bẹ Dèjì pé kó jẹ́ kí ìdána náà wáyé. Bàbá náà bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun ti dárí jì mí, pé òun ṣì nífẹ̀ẹ́ mi, pé ohun tí òun kàn ń bẹ̀rù ni ọjọ́ tí òun á tún bi mí léèrè ọ̀rọ̀, tí òun ò ní mọ̀ bóyá òótọ́ ni mo fi dáhùn. Ní oṣù kẹta, èmi ni mo ní kí wọ́n má bẹ̀ ẹ́ mọ́.