Rímù Tó Ń Fẹ́ Sípánà Láràárọ̀

Bí Mùsítúrà ṣe ń po ẹ̀kọ fún Hikmat ọmọ rẹ̀ láàárọ̀ Mọ́ńdè yẹn, ojú fèrèsé ló wà. Lùkúmọ̀n ọkọ rẹ̀ tún ti lóṣòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ọ̀sì kékeré tó fi ń kérò láti Ìbà lọ sí Òkókómáíkò. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó fi sípánà yí nọ́ọ̀tì táyà iwájú gírígírí, ó sì sáré ti sípánà náà bọ abẹ́ ìjókòó. Ọjọ́ kẹsàn-án rèé.

Látọjọ́ tí rímù mẹ́rin tó ń dán gbinrin yìí ti dé ẹsẹ̀ bọ́ọ̀sì náà ni ọkàn Mùsítúrà ò ti balẹ̀ mọ́. Ta ló fún un ní rímù? Ṣé kì í ṣe ẹrù olè ni, tó ń fún un pinpin kí olówó rẹ̀ má baà wá tú u? Àbí obìnrin kan ló bọ́ ọ lẹ́sẹ̀ mọ́tò tirẹ̀ fún un?

"Bàbá Hikmat, kí lẹ ń ṣe nídìí táyà láràárọ̀?"

"Atẹ́gùn ni mò ń wò."

"Atẹ́gùn lẹ wá ń fi sípánà wò?"

"Ìyá Hikmat, jẹ́ n rímú mí." Ó gbé omi, ó wọ balùwẹ̀ lọ.

Páńsá ò fura, páńsá já sí iná. Mùsítúrà ò ní í ṣe páńsá. Ó tú abẹ́ ìjókòó, ó rí rìsíìtì rímù náà, ó sì pe nọ́ńbà tó wà lórí rẹ̀ láti béèrè ibi tí wọ́n ti rí i. Saheed tó ń ta rímù tòkunbọ̀ ló gbé e.

"Ẹ fọkàn balẹ̀, ìyá wa, ọjà gidi ni. Ara mọ́tò ayọ́kẹ́lẹ́ kan ni mo ti yọ ọ́, àmọ́ ihò márùn-ún ló ní, ti bọ́ọ̀sì wọn náà márùn-ún. Ojú wọn ni mo ṣe kà á."

Ojú ti Mùsítúrà. Ọkọ tó ra nǹkan rẹ̀ lọ́nà ẹ̀tọ́ lòun ń pè lólè! Hikmat máa ń fẹsẹ̀ rìn lọ sílé ìwé ni, àmọ́ lọ́jọ́ yẹn, kó lè tu ọkọ rẹ̀ lójú, ó fúnra rẹ̀ gbé ọmọ náà sí ìjókòó iwájú. "Bá bàbá ẹ lọ."

Kò tó wákàtí kan lẹ́yìn náà tí wọ́n pè é. Táyà iwájú ti yọ dànù lórí eré, bọ́ọ̀sì ti lọ gbá ògiri gọ́tà. Èrò méjì fara pa. Ẹsẹ̀ ọ̀tún Hikmat kán sí ọ̀nà méjì, dókítà ò sì lè ṣèlérí pé yóò tún rìn gún régé.

Joshua, mẹkáníìkì tó wọ́ bọ́ọ̀sì náà kúrò lọ́nà, gbé rímù náà àti rúlà wá bá wọn ní ọsibítù.

"Ẹ wò ó, ìyá. Ihò márùn-ún nìyí lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe jìnnà síra wọn ò bá irin tó ń wọ̀ wọ́n mu. Ìyàtọ̀ rẹ̀ ò ju hóró ìrẹsì kan lọ, nọ́ọ̀tì ò ṣáà lè jókòó dáadáa. Ihò àárín náà fẹ̀ jù. Bí mọ́tò bá ti ń sáré, á máa gbọ̀n, nọ́ọ̀tì á máa tú."

"Kí ni wọn ì bá ti ṣe?" Mùsítúrà ló bi í.

"Kí wọ́n wọ̀n ọ́n ni, kì í ṣe kí wọ́n kà á. Kí wọ́n wo ìwé mọ́tò, bóyá nọ́ọ̀tì rẹ̀ bá a mu, bóyá rímù ọ̀hún lè gbé ẹrù tí bọ́ọ̀sì ń gbé. Téèyàn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ de rímù, ó yẹ kó tún nọ́ọ̀tì fún lẹ́yìn ìrìn díẹ̀. Àmọ́ èyí tó bá ń tú lójoojúmọ́, ńṣe ni kó yọ ọ́ dànù."

Lùkúmọ̀n ò lè gbójú sókè. "Mo mọ̀ pé ó ń tú. Mo rò pé bí mo bá ṣáà ti ń fún un…"

Hikmat lajú lórí bẹ́ẹ̀dì. "Bàbá mi, ṣé ẹ ò fún un lónìí ni?"

"Mo fún un, ọmọ mi." Ó bú sẹ́kún.

Mùsítúrà náà sunkún, torí ó fura lóòótọ́, àmọ́ ibi tí kò yẹ ló fura sí.

Ẹ̀yin onímọ́tò, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta rímù, ẹ jọ̀wọ́, iye ihò nìkan kọ́. Ẹ̀yin ará ilé wọn náà, bí ẹ bá rí ẹni tó ń fún nọ́ọ̀tì kan náà láràárọ̀, ẹ má bi í pé ta ló fún un ní rímù. Ẹ bi í pé kí ló ń tú u, kẹ́ ẹ tó gbé ọmọ yín wọ mọ́tò náà.