Wọ́n Ti Kọ Orúkọ Rẹ

Ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejìlá oṣù Kejì ọdún 2024, ọyẹ́ bo Farin Gada ní Jọ́ọ̀sì débi pé a kò rí àwọn òkè tó wà lẹ́yìn ọjà mọ́, eruku sì bo sólà tó wà lórí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà kan, kò gba oòrùn. Ọmọbìnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù náà gbé àga lé orí tábìlì, ó gun un, ó sì ń fi aṣọ nu eruku náà. Ó wọ súwẹ́tà ọkùnrin tó tóbi jù ú lọ, ó fi gèlè pupa bo etí méjèèjì nítorí òtútù, ó sì ń fi gbogbo ohùn kọ orin tí kò mọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ dáadáa.

Akínladé dúró nísàlẹ̀, ó ń wò ó. Káfíńtà ni, nítorí náà ẹsẹ̀ àga ló kọ́kọ́ rí: ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti yẹ̀. Ó sáré dì í mú.

"Ta nìyẹn?" ni ọmọbìnrin náà bèèrè láti òkè.

"Àǹtí, ẹ má mira. Àga yín ti yẹ̀ lẹ́sẹ̀."

"Ó ti pẹ́ tó ti yẹ̀. Èmi àti ẹ̀ ti mọwọ́ ara wa."

"Ẹ bá mi sọ̀ kalẹ̀ ná, kí ẹ tó lọ mọwọ́ dókítà."

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì sọ̀. Eruku ti sọ ìpéǹpéjú rẹ̀ di funfun bíi ti arúgbó, ṣùgbọ́n ojú tó wà lábẹ́ rẹ̀ ń dán. Akínladé ṣì di àga náà mú nígbà tí kò sí ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀ mọ́.

"Bọ̀dá, kí ni mo lè bá yín ṣe? Àbí àga nìkan lẹ wá dì mú?"

Orúkọ rẹ̀ ni Adérìnsọ́lá. Bàbá rẹ̀ jẹ́ tísà láti Èkìtì, tí ìjọba gbé wá sí Plateau nígbà tó ṣì lágbára, tó di ọ̀gá ilé ìwé, tó sì fẹ̀yìn tì sí àdúgbò Anglo Jos. Mukhtar, tó ń ta pòtétò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù náà, ló júwe ibẹ̀ fún Akínladé, ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtijọ́.

Akínladé ṣàlàyé. Ilé àwọn ọmọ aláìlóbìí kan ní Kuru fẹ́ kó máa wá kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ igi lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, lọ́fẹ̀ẹ́. Inú rẹ̀ dùn, ó gbà. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ẹnikẹ́ni tó bá máa sún mọ́ àwọn ọmọ náà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mú ìwé ẹ̀rí wá láti ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá pé kì í ṣe ọ̀daràn.

"Kò le," ni Adérìnsọ́lá wí. "Orí íńtánẹ́ẹ̀tì la ti máa bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ ó lọ tẹ̀ka lọ́dọ̀ wọn, wọ́n á yẹ̀ yín wò, ìwé á sì jáde." Ó ti ń tẹ orúkọ rẹ̀. Akínladé dáhùn gbogbo ìbéèrè, títí obìnrin náà fi sọ pé: "Toh. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ ti ní ọ̀ràn pẹ̀lú ìjọba rí."

Akínladé mú káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀ kúrò lórí tábìlì.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a dúró ná. Mo ń bọ̀."

Kò padà wá lọ́jọ́ náà.

Ọ̀sẹ̀ kejì ló tó padà, ó mú ìwé iná mànàmáná ilé rẹ̀ dání, ó ní kó bá òun ṣe fọ́tòkọ́pì rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó tún mú un wá. Nígbà tó mú un wá lẹ́ẹ̀kẹta, Adérìnsọ́lá wo ìwé náà, ó wo Akínladé.

"Bọ̀dá Akin, ṣé gbogbo Jọ́ọ̀sì lẹ fẹ́ pín ìwé yìí fún ni? Iná ọ̀hún gan-an kò sì tàn."

"Haba, Rìnsọ́lá!" Mukhtar kígbe láti ìdí àpò pòtétò rẹ̀. Ó gbọ́ Yorùbá ju bí àwọn èèyàn ṣe rò lọ. "Ṣé ìwé ló fẹ́ dà kọ ni? Ojú rẹ ni!"

Àga ẹlẹ́sẹ̀ yíyẹ̀ yẹn ni Akínladé gbé, ó sì gbé e lọ. Nígbà tó dá a padà, ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dúró ṣinṣin, ó sì ti fi ibi ìfẹ̀yìntì sí i, tó fá títí ó fi ń dán.

"Èmi kò ní kí ẹ fi ibi ìfẹ̀yìntì sí i."

"Ẹ̀yìn yín ló rán mi."

Adérìnsọ́lá jókòó, ó fẹ̀yìn tì í, ó pa ojú dé. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó là á. "Má pè mí ní Àǹtí mọ́," ni ó wí.

"Kí ni kí n máa pè ọ́?"

"Ohun tó bá wù ọ́."

"Rìnsọ́ mi ńkọ́?"

"O ti yára jù," ni ó wí, ṣùgbọ́n kò ní kó má pè é bẹ́ẹ̀.

Báyìí ni ọyẹ́ lọ, tí òjò dé. Bí wọ́n bá jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọn a jọ ra màsà, àkàrà ìrẹsì gbígbóná, lójú ọ̀nà, wọn a jà lórí èyí tó gbẹ̀yìn, Akínladé a sì jẹ́ kó borí. Ohun kan ṣoṣo ni Rìnsọ́lá kò gbàgbé.

"Ìwé Kuru yẹn ńkọ́? Ó ṣì wà lórí kọ̀ǹpútà mi."

"A ó parí rẹ̀."

"Ìgbà wo?"

"Rìnsọ́ mi, jẹ màsà rẹ."

Ní oṣù Kẹjọ, Rìnsọ́lá mú Akínladé lọ kí bàbá rẹ̀ ní Anglo Jos. Bàbá gbà á tẹ̀rín-tọ̀yàyà. Nígbà tí wọ́n jẹun tán, ó nu ẹnu rẹ̀, ó sọ̀rọ̀ bí ẹni tó wà níwájú kíláàsì.

"Nílé wa, a máa ń wádìí kí a tó fọmọ fọ́kọ. A ó bèèrè bóyá wèrè wà nínú ìdílé náà, bóyá olè wà, bóyá ẹnì kan ti ṣẹ̀wọ̀n. Mo ti ránṣẹ́ sí Ọ̀wọ̀, wọ́n ní èèyàn rere làwọn èèyàn rẹ. Ṣùgbọ́n Jọ́ọ̀sì níbí ni wọ́n ti bí ọ. Bàbá àti ìyá rẹ ti lọ. Ta ni kí n bi léèrè? Àbí òkúta orí òkè?" Ó rẹ́rìn-ín. "Rìnsọ́lá ní ìwé kan wà tí ọlọ́pàá ń fúnni. Mú un wá fún mi. Ìyẹn tó mi."

"Ẹ ṣé, sà," ni Akínladé wí.

Láti ọjọ́ náà, kò yọjú sí Farin Gada mọ́. Nígbà tó yá, Rìnsọ́lá fúnra rẹ̀ wá bá a ní ṣọ́ọ̀bù káfíńtà rẹ̀.

"Ṣé ìyàwó wà níbì kan ni?"

"Rárá o."

"Àbí o pààyàn?"

Akínladé gbé ìfági rẹ̀ sílẹ̀, ó sì sọ ọ́ fún un. Nígbà ìjà ìgboro oṣù Kìíní ọdún 2010, ó jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún. Ìyá rẹ̀ rán an lọ ra búrẹ́dì. Gbogbo ọ̀dọ́kùnrin tí àwọn ọlọ́pàá bá ní òpópónà yẹn ni wọ́n kó, wọ́n sì kó wọn sínú yàrá kan ní àgọ́ ọlọ́pàá, níbi tí àwọn kan ti gbọ́dọ̀ dìde dúró kí àwọn mìíràn tó lè sùn. Ibẹ̀ lòun àti Mukhtar ti mọra, tí Mukhtar ń fún un ní ìpín omi rẹ̀ nígbà tí ibà dá a dúbúlẹ̀. Àwọn méjèèjì kò sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ láti ìgbà náà.

"Lọ́jọ́ tí wọ́n tú wa sílẹ̀, ọlọ́pàá kan nawọ́ sí mi, ó ní, 'An rubuta sunanka.' Ìyẹn ni pé, wọ́n ti kọ orúkọ rẹ. Bí mo ṣe délé tí mo sọ ọ́, ìyá mi káwọ́ lórí. Ó ní, 'Orúkọ rẹ ti wọ ìwé ìjọba! Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ o.' Mo ti gba àyè ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ nígbà náà. Ó ní kí n má lọ, kí wọ́n má baà wá mú mi níbẹ̀. Bí ẹnì kan bá kanlẹ̀kùn, ojú mi ni ìyá mi máa kọ́kọ́ wò."

Rìnsọ́lá na ọwọ́, ó ń gbọn lẹ́búlẹ́bú igi kúrò nínú irun rẹ̀.

"Ṣé wọ́n gbé ọ dé kóòtù?"

"Rárá."

"Ṣé adájọ́ kankan dá ọ lẹ́bi?"

"Rárá."

"Kí ni orúkọ ọ̀ràn náà, nígbà náà?"

"Wọn kò sọ ọ́ fún mi rí."

"Abèèrè kì í ṣìnà, Akin mi. Jẹ́ ká bèèrè."

"Bí ó bá jáde pé ọ̀daràn ni mí ńkọ́?"

"Orí àga tí o ṣe fún mi ni màá jókòó sí kà á. Kò ní yẹ̀."

Wọ́n parí rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Akínladé lọ tẹ̀ka, ó ń fa ìka padà bíi pé iná ni, títí ọlọ́pàábìnrin tó wà níbẹ̀ fi di ìka náà mú fún un, ó ní, "Sannu, rọra. Ẹ̀rọ lásán ni, kò ní bù ọ́ jẹ." Lẹ́yìn náà, wọ́n ń dúró. Ní àràárọ̀ ni Rìnsọ́lá ń ṣí kọ̀ǹpútà kó tó bọ́ súwẹ́tà rẹ̀. Akínladé kan ilẹ̀kùn méjì lódìkejì lọ́sẹ̀ yẹn.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni ìdáhùn dé. Akínladé wà níbẹ̀. Rìnsọ́lá ń kà á lábẹ́nu. Lójijì, ètè rẹ̀ dúró. Omi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ó ti tán," ni Akínladé wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ó ti tán." Ó yí kọ̀ǹpútà sí i. "Wọ́n ní àwọn kò rí ohunkóhun. Akin, kò sí nǹkan kan lòdì sí ọ."

"Tún un kà."

Ó tún un kà. Akínladé fara ti ògiri, ó rọra jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sì mí èémí kan tó dà bí ẹni pé láti ọdún 2010 ló ti fà á sínú.

Mukhtar yọ orí wọlé. "Kai! Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú," ni Rìnsọ́lá wí. "Wọ́n tún ẹnì kan bí ni."

Akínladé gbójú sókè. "Mukhtar, lọ́jọ́ tí a kúrò níbẹ̀ yẹn, ọlọ́pàá kan sọ fún mi pé, 'An rubuta sunanka.'"

"Ó sọ ọ́ fún èmi náà. Orúkọ àwọn tó ń lọ sílé ni wọ́n ń kọ, kí àwọn sójà ojú ọ̀nà má baà tún kó wa padà." Mukhtar wò ó. "Kí lo rò pé ó jẹ́?"

Akínladé tún yí ojú sí ìdáhùn tó wà lórí kọ̀ǹpútà.

"Akin, kí lo rò pé ó jẹ́?"

"Ìyá mi ní..." Hausa ni ọlọ́pàá fi sọ ọ́. Etí Ọ̀wọ̀ ni ìyá rẹ̀ fi gbọ́ ọ, ó sì kà á sí ìwé ọ̀daràn. Mukhtar bá jókòó tì í nílẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé e léjìká, àwọn oníbàárà sì ń pè é lóde, kò dìde.

Bàbá ka ìwé náà ní Anglo Jos bí ẹni tó ń máàkì iṣẹ́ ọmọ ilé ìwé. "Ó dára," ni ó wí, ó sì ká a.

"Sà, ó ku ohun kan tí kò sí nínú rẹ̀," ni Akínladé wí. Rìnsọ́lá ṣẹ́jú sí i pé kó dákẹ́. Kò dákẹ́. Ó sọ ti òpópónà, ti yàrá, ti ibà, àti ti ìyá rẹ̀.

Bàbá gbé ìwé náà lé orúnkún. "Lọ́sẹ̀ yẹn," ni ó wí, "Fatimah, aládùúgbò wa, ló kó wa pamọ́ sí ilé ìdáná rẹ̀. Èmi, ọ̀gá ilé ìwé, mo wà lábẹ́ tábìlì bí ẹran. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Kò sẹ́ni tí kò wà níbì kan lọ́sẹ̀ yẹn, ọmọ mi." Ó dá ìwé náà padà fún un. "Ìwé ni mo ní kí o mú wá. Ohun tí o sọ tán yìí ni mo ń wádìí."

Ní ẹnu géètì, atẹ́gùn tútù ti ń fẹ́. Akínladé di ọwọ́ Rìnsọ́lá mú.

"Ṣé wàá fẹ́ mi?"

"Fọ́tòkọ́pì mélòó lo fẹ́?"

"Ẹyọ kan. Òjúlówó."

"Toh," ni ó wí, ó sì gbé orí lé e láyà. "Mú un. Kò sí èyí tó jọ ọ́."

Wọ́n ṣègbéyàwó ní oṣù Kejìlá, nígbà tí ọyẹ́ ń padà bọ̀. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tó tẹ̀ lé e, àwọn méjèèjì lọ sí Kuru, àwọn ọmọ ibẹ̀ sì kan àga àkọ́kọ́ wọn. Ó yẹ̀ díẹ̀. Rìnsọ́lá ló kọ́kọ́ jókòó lé e.

Ìyá Akínladé kú ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2019. Ó kú pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé ìjọba ń wá ọmọ òun.