Òun Nìkan Ló Wá Tọrọ Mi

Òdo ni Àfísù kọ́kọ́ fún mi. Òdo gbàǹgbà, pẹ̀lú bírò pupa, lójú gbogbo kíláàsì ìrọ̀lẹ́ wa ní Kokomlemle.

Ìbéèrè rẹ̀ ni pé ìyá kan fẹ́ pín aṣọ yáàdì méjìlá dọ́gba fún ọmọ márùn-ún. Yáàdì mélòó ló kan ọmọ kọ̀ọ̀kan? Mo kọ ọ́ pé méjì méjì, kí ìyá wọn fi èyí tó kù pamọ́. Ìsọ̀ aṣọ ìyá mi ní àdúgbò Lagos Town ni mo dàgbà sí. A kì í gé aṣọ wẹ́lẹwẹ̀lẹ.

"Tíṣà, ta ló máa ra ègé aṣọ lọ́wọ́ yín?" Inú bí mi gan-an. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti fìdí rẹmi nínú ìṣirò, òun ló sì ń dí mi lọ́nà ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì.

Ó fa àga sún mọ́ mi. "Sísítà Fáòsíà, ìgbésẹ̀ kìíní: kí ni wọ́n sọ fún wa? Ìkejì: kí ni wọ́n ń bi wá? Ìkẹta: pín in. Méjì méjì kan wọn, ó ku méjì. Pín méjì yẹn náà. Yáàdì méjì àti ìdá méjì nínú márùn-ún."

Bó ṣe ń kọ́ mi nìyẹn títí mo fi yege. Nígbà yẹn, ìfẹ́ rẹ̀ ti kó sí mi lórí.

Ní Sátidé kan, ó dá wá sílé wa pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. "Màámi, mepa wo kyɛw, ẹ jọ̀ọ́. Ìgbésẹ̀ kìíní, mo fẹ́ fẹ́ Fáòsíà. Ìkejì, mo ti gba yàrá méjì ní Darkuman. Ìkẹta..."

Ìyá mi dìde. "Ìwọ nìkan? Ṣé ọṣẹ lo wá rà ni? Àwọn àgbà tó máa bá ẹ sọ̀rọ̀ dà?"

"Mi ò ní wọn, Mà."

"Mi ò lè fún ẹni tí kò lẹ́bí lọ́mọ. Jáde!"

Mo sáré bá a lójú títì. Ibẹ̀ ló ti jẹ́wọ́ pé Àáfà Ṣùáíbù, àbúrò bàbá rẹ̀ tó tọ́ ọ dàgbà, kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́ láti ọdún mẹ́rin, torí òun kọ̀ láti gba àbójútó ilé kéwú Àáfà.

"Odindi ọdún kan, o ò sọ fún mi!"

"Ojú ló ń tì mí, olólùfẹ́ mi."

"Má pè mí bẹ́ẹ̀!" Mo fi í sílẹ̀ níbẹ̀, mo pa dà sílé.

Lọ́jọ́ kejì, mo wọ ọkọ̀ tròtrò lọ sí ilé kéwú náà ní Darkuman. Mo kúnlẹ̀ níwájú Àáfà, àmọ́ ohùn mi kò kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ tọ́ ọmọ, ẹ wá ń wò ó kó máa tọrọ ìyàwó bí ẹni tí kò ní bàbá. Ṣé ó dùn mọ́ yín ni?"

Ó bi mí pé, "Ibo ni ilé ìyá ẹ?"

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ó kó àgbà mẹ́ta wá sílé wa. Àfísù jókòó sẹ́yìn wọn, ó dorí kodò. Látọjọ́ Sátidé, mi ò gbé fóònù rẹ̀.

Ìyá mi fajú ro, ó gbọ́ wọn tán, ó pè mí. "Fáòsíà, ṣé o mọ ọkùnrin yìí?"

Gbogbo ojú wà lára mi.

"Mo mọ̀ ọ́n. Òun ni mo fẹ́. Àmọ́ inú ṣì ń bí mi sí i."

Àáfà yíjú sí Àfísù fúngbà àkọ́kọ́. "Inú ń bí èmi náà sí i," ó ní, "ṣùgbọ́n ọmọ mi ni."

Àfísù bú sẹ́kún. Ìyá mi ní kí n lọ gbé omi wá fún àwọn àna òun.