Ìjàpá Òkúta Tó Mumi

Omi tí Uluriaq dà sẹ́nu ìjàpá òkúta náà kò ṣàn jáde. Ó dúró, ó ń wò ó. Ife tó kún dẹ́nu ti tán, síbẹ̀ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìjàpá náà gbẹ táútáú.

Kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Láti kékeré ni ìyá rẹ̀ ti kọ́ ọ pé bí ọdẹ bá pa séálì nínú òkun, kí ọ̀bẹ tó kàn án, wọ́n á kọ́kọ́ da omi tí kò níyọ̀ sí i lẹ́nu, torí pé òǹgbẹ kì í tán lára ẹran òkun. Ẹran tó bá rí omi mu á lọ sọ fún ẹbí rẹ̀ pé ọdẹ yìí mọ àlejò tọ́jú, àwọn náà á sì wá fi ara wọn fún un. Nígbà tí àwọn awalẹ̀ tó ń wá egungun ẹran àtijọ́ tó ti di òkúta gbọn iyẹ̀pẹ̀ kúrò lára ìjàpá yìí, tí Uluriaq rí ẹnu tó là sílẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ti ṣe é kí ọkàn rẹ̀ tó mọ̀. Bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ tí wọ́n gbà á fún kò ju kó gbé ìbọn dání, kó máa ṣọ́ wọn lọ́wọ́ béárì, ẹranko ńlá tó ń pa èèyàn lórí yìnyín.

"Màmá, òkúta lẹ wá ń fún lómi?" Tessier, ọ̀gá àwọn awalẹ̀, bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ ti pẹ́ jù o. Ó ti kú kí ẹnikẹ́ni tó dáyé."

"Níbo ló ti wá?"

"Òdìkejì òkun. Ibí móoru nígbà yẹn, kò sí yìnyín kankan. Omi odò ló léfòó sórí omi iyọ̀, àwọn ìjàpá sì ń wẹ̀ ẹ́ bọ̀ láti erékùṣù kan dé èkejì."

Uluriaq kò rẹ́rìn-ín. Ẹran tí èèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ pa ni wọ́n ń fún lómi. Òun kọ́ ló pa èyí, òun kò mọ ẹbí rẹ̀, òun kò sì mọ iye wọn.

Kautaq ọkọ rẹ̀ wà lójú ọ̀nà, ó ń gun alùpùpù orí yìnyín kó oúnjẹ wọn bọ̀ láti ìlú. Ìrìn ọjọ́ méjì ni, lórí òkun tó dì. Oṣù kẹfà ni wọ́n wà, oòrùn kì í wọ̀ ní ìhà àríwá ayé yẹn, ṣùgbọ́n yìnyín ṣì máa ń nípọn dáadáa lásìkò yẹn. Ọkàn Uluriaq balẹ̀ títí di òwúrọ̀ ọjọ́ kejì tó jí, tó ń làágùn.

Ilẹ̀ abẹ́ àgọ́ lọ́ wọ́ọ́rọ́. Afẹ́fẹ́ ń rùn bí ẹrẹ̀ àti ewé tó ń jẹrà, bẹ́ẹ̀ kò sí igi kan ní gbogbo erékùṣù náà. Korobá omi mímu tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjàpá ti gbẹ. Ó sáré gbé rédíò tí wọ́n fi ń bá ará ọ̀nà sọ̀rọ̀.

"Kautaq, ibo lo dé?"

"Ìwọ obìnrin yìí, àárò mi ti ń sọ ẹ́, àbí?" Ohùn rẹ̀ ń já. "Mo ti dé àárín. Omi bo orí yìnyín o. Mo tọ́ ọ wò, kò níyọ̀ rárá."

"Padà sílé."

"Kí n padà? Bí oúnjẹ ò bá tètè dé, àwọn òyìnbó yẹn á jẹ ìwọ àti ìbọn rẹ." Ó rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. "Uluriaq, àwọn nǹkan kan ń kan yìnyín lábẹ́ mi. Kì í ṣe séálì. Séálì á yọrí mí. Àwọn yìí tò lọ bẹẹrẹ ni, ibi tí mò ń lọ ni wọ́n kọjú sí."

"Mo bẹ̀ ẹ́, padà!"

Rédíò dákẹ́.

Ẹ̀rù bà á dé eegun. Ó sáré dé ìdí ìjàpá, ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó sì ń fi nu ẹnu òkúta náà bí ẹni fẹ́ gba omi padà. "Mo ṣèèṣì ni," ó ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ẹ má wá. Mi ò pe ẹnì kankan." Inú ẹnu náà rọ̀, ó sì gbóná. Ó já ọwọ́ rẹ̀ gbà.

Lọ́sàn-án ni Tessier pè é láti orí òkè. "Màmá, ẹ wo òkun."

Yìnyín ti lọ. Omi dúdú ló tẹ́ lọ rẹrẹ, bẹ́ẹ̀ kò sí ìjì tó jà. Létí omi, ọkùnrin kan ń rìn bọ̀, aṣọ awọ ọrùn rẹ̀ ń kán tótó.

Kautaq ni. Uluriaq bú sẹ́kún ayọ̀, ó sáré lọ dì mọ́ ọn. "Alùpùpù dà? Báwo lo ṣe kọjá?"

"Wọ́n gbé mi wá ni," ni Kautaq wí. Kò ṣe ẹ̀fẹ̀ kankan. "Òǹgbẹ ń gbẹ mí."

Uluriaq ṣí ìgò omi rẹ̀, ó nà án sí i. Kò gbà á. Ó rọra dùbúlẹ̀ sórí òkúta wẹ́wẹ́, ó na ọwọ́ méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀, ó la ẹnu, ó sì ń retí. Báyìí ni wọ́n ṣe ń tẹ́ séálì tó ti kú sílẹ̀ kí wọ́n tó da omi sí i lẹ́nu.

Ìgbà náà ni Uluriaq mọ̀. Ẹni tó wà láàyè á fọwọ́ ara rẹ̀ gba ìgò.

"Màmá, kí ló ń ṣe ọkọ yín?" Tessier bi í láti ẹ̀yìn. Uluriaq ń wo ìgò ọwọ́ rẹ̀. Ó lè dé ìgò náà kó má fún un, kó máa pe ọkọ rẹ̀ ní alààyè, kí òǹgbẹ sì máa gbẹ ẹ́ títí láé. Ó fẹ́ràn rẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó kúnlẹ̀, ó gbé orí rẹ̀ lé itan, ó sì da omi náà sí i lẹ́nu díẹ̀díẹ̀ títí tó fi tán.

"O ṣeun," ni Kautaq wí, ó sì pa ojú dé.

Létí omi, orí ìjàpá kan yọ. Òmíràn yọ tẹ̀lé e, òmíràn tún yọ, títí ojú kò fi rí òpin wọn mọ́. Gbogbo wọn la ẹnu.